Bàbá, Mo Ti Gbé Òrùka Géèmù Yín Lọ

Bàbá,

Ẹ má wá òrùka ńlá tí ẹ fi ń ṣe géèmù eré ìdárayá yẹn kiri ilé. Ó wà lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ tí ilẹ̀ pálọ̀ ń mì. Nígbà tí mo yọjú, ẹ̀yin ni mo bá níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di òrùka náà mú, tí ẹ ń sáré lójú kan, ètè yín ti ṣú. Mo ní kí ẹ dúró, ẹ ní, "Chizuru, jẹ́ n gun òkè inú géèmù yìí dórí ná. Ara mi ti le." Oṣù méjì ò tíì pé tí wọ́n la àyà yín! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni dókítà fọwọ́ sí lóòjọ́. Mo yẹ géèmù náà wò: ogójì ìṣẹ́jú lẹ ṣe lánàá, lẹ́yìn tí mo jáde.

Ẹ má bínú pé mo pariwo mọ́ yín. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo bẹ ọ̀gá mi kí n dúró nílé, kò gbà.

Ẹ̀kọ ìrẹsì wà lórí sítóòfù. Bí àyà bá tún fún yín, ẹ má pè mí, ọkọ̀ áńbúláǹsì ni kí ẹ pè ní 119. Mi ò ti ilẹ̀kùn, kí àwọn tó bá wá gbé yín má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ́ ọ.

Chizuru