Abẹ́ Ìtàgé Ni Èmi Àti Bàbá Ti Ń Gbọ́ Rọ́ọ̀kì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ irin,

Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n má sọ tẹnu mi. Ṣebí nígbà tí ẹ wà láyé náà, bí ẹ bá ti gbé gíláàsì ìjórin sójú, ènìyàn lè pè yín títí ọ̀fun á fi gbẹ. Ara Màámi le. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Sàngó ṣì ń ṣí láràárọ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni pé, ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ìtàgé àkọ́kọ́ tí ọwọ́ yín kò kàn dúró, àwọn olórin rọ́ọ̀kì sì gorí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Ta ni kí n rò ó fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ṣé ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Géètì àti wíńdò là ń jó nígbà tí mo parí girama tí mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà bí olú, yunifásítì sì tẹ̀lé wọn wọlé. Gbogbo wọn ló ní àwọn ọ̀dọ́, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ yìí ló sì fẹ́ máa ta gìtá níta gbangba. Wọ́n nílò ìtàgé onírin. Bí ẹ̀yin, Mùsùlùmí ọmọ Ìkìrun, ṣe di ẹni tí àwọn onígbàgbọ́ ń wá káàkiri nìyẹn, láti Sàngó dé Àtàn. Màámi a ní ẹ ti mọ orin ìyìn ju àwọn akọrin lọ, ó ku kí wọ́n ṣèrìbọmi fún yín. Ẹ̀rín nìkan lẹ máa ń rín, ẹ ó sì ju orógbó sẹ́nu.

N kò lè gbàgbé ti Àtàn, èyí àkọ́kọ́. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ọmọkùnrin kan láti Jọ́ọ̀sì ló wá kọrin, irun wọn kún, ṣòkòtò wọn ya lórúnkún. A ti di bóòtì tó kẹ́yìn, mo ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ kí a lè máa lọ sílé, lẹ bá ní kí n gbé páálí wá. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ìtàgé, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo ní èèmọ̀ dé, oòrùn ti pa bàbá mi! Ẹ ní kí n wọlé, mo wọlé. Kò pẹ́ tí onílù fi bẹ̀rẹ̀. Yéè! Mo rò pé ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ló dé. Eruku ń já bọ́ láti àárín pákó, àyà mi ń gbọ̀n, eyín mi ń gbọ̀n, ilẹ̀ tí mo sùn lé náà ń gbọ̀n. Nígbà tí gìtá wá ké, n kò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ yín mú. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ẹsẹ̀ irin kan, orin náà sì ń gba inú irin wọ inú egungun mi. Títí di ọjọ́ náà, n kò mọ̀ pé orin ṣeé fọwọ́ kàn.

Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ mi ní ohun tí n kò rí kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi òòlù kékeré kan ẹsẹ̀ irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹrù wà lórí rẹ̀ á dáhùn ní ṣókí, kò ráyè ariwo. Èyí tí kò kanlẹ̀ dáadáa á dún gooro, á sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ẹ ní ṣebí àgbá òfìfo ló ń pariwo, òun ni kí n bẹ̀rù. Bí orin bá wá bo etí mọ́lẹ̀, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú òòlù tèmi lọ sábẹ́ ìtàgé.

Ọdún tí òjò ká wa mọ́ ibẹ̀ ńkọ́? Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ẹ̀yìn Sàngó ni. Omi wọ jẹnẹrétọ̀, ó kú. Iná lọ, gìtá dákẹ́, gbohùngbohùn dákẹ́. Mo ní ó tán, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀. Àfi bí onílù ṣe ń lù ú lọ! Ìlù kò kúkú béèrè iná. Èrò bá gba orin náà sẹ́nu nínú òjò, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá ẹrẹ̀, ohùn wọn sì bo ohùn òjò mọ́lẹ̀. Omi ń ṣàn lé wa lórí lábẹ́ ibẹ̀, aṣọ yín lẹ̀ mọ́ yín lára, ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo ti rí yín ní yídì, mo ti rí yín níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú yín rí. Kí lẹ rí lọ́jọ́ náà, Bàbá?

Ti yunifásítì tó tẹ̀lé e tún wá ju ìyẹn lọ. Onígìtá wọn kúnlẹ̀ sórí pákó gan-an lókè wa, ó ń ta okùn kan ṣoṣo, ohùn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sókè, kò sì fẹ́ já. Láti àlàfo pákó, orúnkún rẹ̀ nìkan là ń rí. Òógùn rẹ̀ kán, ó bọ́ sí yín níwájú orí. Ẹ kò nù ún. Ẹ lanu, ẹ ń wòkè, omi lé ròrò sí yín lójú. Nígbà tí orin parí, ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ ni pé kí n lọ wo ẹsẹ̀ irin ọ̀tún níwájú. Ó bí mi nínú nígbà náà o!

Kí ló dé tí ẹ kò fi jáde wò wọ́n rí? Wọ́n gbé àga fún yín níwájú lọ́jọ́ kan, àga onítìmùtìmù, ẹ dúpẹ́, ẹ sì rá wọ abẹ́ padà. Ṣé ọkàn yín ni kò balẹ̀ lórí irin? Àbí ẹ kò fẹ́ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí rí yín níbi tí wọ́n ti ń fò fún Jésù? Àbí abẹ́ ibẹ̀ ló kúkú dùn jù? N kò bi yín. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ, a sì sin yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìtàgé dá. Àwọn oníbàárà ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú wọn: ta ló máa gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí irin tí obìnrin jó? Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì padà wá, Kàmọ́rù tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, òun ló nawọ́ sí mi. Bí ẹsẹ̀ irin kan bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ yẹn á ṣubú, orúkọ yín á ṣubú tẹ̀lé wọn, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́ ní gbogbo Ọ̀tà. Mo gbà á ṣá.

Òjò ti rọ̀ sí pápá yunifásítì tí a ti fẹ́ gbé ìtàgé náà dúró. A fi pákó líle tẹ́ ìdí gbogbo ẹsẹ̀ irin, mo fi òòlù kàn wọ́n, gbogbo wọn dáhùn ní ṣókí. Nígbà tí orin fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi àti Kàmọ́rù tẹ́ páálí, a wọlé. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kọrin, kò séwu. Ẹgbẹ́ kejì gorí rẹ̀, àwọn yìí kò mọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ńṣe ni wọ́n ń fò bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tó wà lábẹ́ onílù. Gooooro, títí dé èjìká mi. Ọlọ́run mi ò! Ilẹ̀ ti rì nídìí rẹ̀, ẹrù tirẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù. Mo ké pe Kàmọ́rù, ta ni yóò gbọ́ igbe nínú ariwo yẹn? Mo fà á létí. Ó ki ègé pákó bọ̀ ọ́ nídìí, mo ń fi òòlù ńlá gbá a wọlé. Ìlù ń dún lórí mi, n kò mọ ìgbà tí òòlù mi bá ìlù náà mu. Mo ń gbá a, mo ń sunkún, mo ń pè yín. Nígbà tó yá, mo tún fi òòlù kékeré kàn án. Kó! Ṣókí. Àlùhámúdùlílàhí.

Kàmọ́rù wò mí títí, ó wá pariwo sí mi létí pé kí ọ̀gá jáde lọ wòran jàre, òun wà níbẹ̀. Ọ̀gá ló pè mí, Bàbá, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní rárá, bàbá mi ò jáde rí. Ó ní torí ẹ̀ gan-an lòun ṣe ní kí n lọ. Ó tì mí jáde.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gba àárín èrò kọjá títí mo fi dé iwájú. Mo gbójú sókè. Háà, Bàbá mi! Iná oríṣiríṣi, èéfín, èrò tí n kò rí òpin wọn. Gbogbo ọdún tí a ti ń gbọ́ wọn, n kò rí ojú wọn rí. Wọ́n ń dijú kọrin! Onígìtá ń sá sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tó ń kọrin dijú, ó fò sókè, ó balẹ̀, ó tún fò, kò wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wolẹ̀. Kò sọ sí wọn lọ́kàn pé irin lè má sí lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí gbogbo wọn ti ń ṣe lórí yín láti ìgbà Àtàn nìyẹn. Wọn ò mọ orúkọ yín, wọn ò rí ojú yín, wọ́n kàn ń dijú, wọ́n ń fò.

Mo bú sẹ́kún. Ìyá kan tó dúró tì mí rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé mi, ó gbá mi mọ́ra, ó ń gbàdúrà lé mi lórí kíkankíkan. Mo ṣe àmín.

Ẹ sinmi nínú ojú rere Ọlọ́run.

Ọmọ yín obìnrin, jórin-jórin Sàngó, tó fẹ́ràn yín ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ.