Obìnrin Tó Wà Níbi Ìdúró Ìyá Rẹ

Ọmọ mi Olúwadárasími,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará Lugbe tó bá ń kí ọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? A kò ní gbọ́ burúkú yín, ẹ kò ní gbọ́ burúkú wa mọ́. Ti ìyá rẹ tí a jọ rí yìí ti tó.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì. Èmi ni mò ń da èèpo iṣu fún un báyìí, àmọ́ ó máa ń wò mí bíi pé mo jókòó sáyè onílé.

Orin tí o fi ránṣẹ́ dé. Yàkúbù tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ní oríta ló ṣí i, tó sì ka iṣẹ́ tí o rán fún mi, pé wọ́n ti tún ẹ̀rọ tí o fi ń kọ orin sílẹ̀ ṣe, ó ti gbọ́n ju tàtijọ́ lọ. O ní bí àmì orin méjì bá fẹ́ kọlu ara wọn, wọ́n á yà fúnra wọn. Mo ní kó tún un kà, nítorí láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn ìyá rẹ ni mo ti ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, n kò tíì rí akọrin méjì tó yà fún ara wọn. O ní bí ohùn bá ga ju agbára ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ lọ, àmì rẹ̀ á pọ́n. Ojú Òjó onítẹ́nọ̀ náà máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kò purọ́.

A wá gbọ́ orin náà, èyí tí mo kọ fún ìyá rẹ lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, tí a fẹ́ kọ níbi ìrántí ọdún kan ikú rẹ̀. Nínú ohùn mẹ́rin, mẹ́ta ni mo gbọ́. Níbi áltò tí ìyá rẹ máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Dára ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Mo bi Yàkúbù pé ta ló lọ túfọ̀ fún ẹ̀rọ. Mo rò pé níbi tó gbọ́n dé, òun náà ló ń ṣọ̀fọ̀, mo sì ṣí fìlà fún un.

Yàkúbù ní rárá, Bàbá, pé ó wà lára ohun tuntun tí wọ́n fi sí i, ìwọ lo pa áltò lẹ́nu mọ́ kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa lè fi kọ́ tiwọn. Ó tẹ nǹkan kan, ni obìnrin kan bá gbóhùn sókè níbi ìdúró ìyá rẹ. N kò mọ̀ ọ́n rí, Yàkúbù ní inú ẹ̀rọ ló ń gbé. Ó kọ ọ́ tán láìmí, kò sì fà sẹ́yìn ní ìlà kẹta bí ìyá rẹ ti máa ń ṣe kí n lè bojú wẹ̀yìn wò ó. Mo ní kí Yàkúbù tètè mú un kúrò. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ará ilé ìyá rẹ, pé ọdún kan kò tíì pé, mo ti mú obìnrin mìíràn wọlé? Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

O ní ọ̀gá rẹ kò ní fún ọ láyè wá, pé ká gbé fóònù sórí tábìlì kó máa kọrin, ìwọ á fi owó ránṣẹ́. Owó dáa, ọmọ mi. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, bàtà mi ti lu. Àmọ́ jẹ́ kó máa jò. Fi owó náà wọkọ̀ wá. Ìwọ lo jogún ohùn ìyá rẹ, n kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí àyè rẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà Lọ́kọ́jà, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Bí o kò bá sì rí àyè, má rán obìnrin yẹn wá dípò ara rẹ. A ó kọ ọ́ ní ohùn mẹ́ta, a ó sì dákẹ́ níbi tí ìyá rẹ wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọládùnjoyè