Bí Iná Bá Lọ, Ẹ Pa Ẹ̀rọ

Bàbá Tìfẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ sáńpépà yẹn kí ẹ tó ka ìwé yìí tán.

Nígbà tí iná lọ láàárọ̀, ẹ ò pa á, ẹ ò yọ wáyà rẹ̀, ẹ kàn jáde. Bí iná ṣe dé, ni ẹ̀rọ bá dá sáré lórí tábìlì, ó ha ojú ilẹ̀kùn àwọn oníbàárà yín ní àdúgbò Plateau. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà ọgọ́rin tó le pa àpá náà rẹ́ kí ẹ tó lo ọgọ́fà tó kúnná. Ẹ bo imú.

Mò ń gbé Tìfẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Kalley. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn, ó ti nawọ́ sí i kí n tó gbá a mú. “Bàbá mi ti dé!” ló ń pariwo.