Màmá Lagimaina Seumalo, Ọ̀gá Tó Jókòó Sẹ́yìn (1944–2023)

Abúlé Safotu, ní erékùṣù Savaiʻi ní Samoa, ni wọ́n bí Màmá wa sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1944. Pasitoa Laulu, díákónì tó ń gbin kókò, ni bàbá wọn. Sinapati, tó mọ ẹní hun, ni ìyá wọn. Màmá ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ilé pásítọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀wé kà, pẹ̀lú àbúrò wọn tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn.

Ní 1958 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àǹtí wọn ní Ponsonby, àdúgbò kan ní ìlú Auckland lókè òkun. Àwọn ará wa ló kún àdúgbò náà nígbà yẹn. Títí di ọjọ́ ogbó ni Màmá ń sọ̀rọ̀ òórùn búrẹ́dì alágbọn tó máa ń gba ojú fèrèsé jáde lọ́jọ́ Ìsinmi, àti bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó dé ìkóríta.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1965. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, olóògbé Vaitoa, òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó máa ń nu bàtà ìyàwó rẹ̀ kó tó nu tirẹ̀.

Ní 1983, Màmá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Māngere, ní Auckland, níbi tí ọmọ àwọn Māori onílẹ̀, ti Samoa àti Tonga ti pọ̀ jù. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn le. Wọ́n lẹ ìlànà ilé ìwé mọ́ ògiri bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́, wọ́n sì fìwé pe àwọn òbí sí ìpàdé. Ọgọ́ta àga ni wọ́n tò. Èèyàn mẹ́rin ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Hūhana Pōtae, ìyá àgbà Māori tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà nílé ìwé náà. Bí wọ́n ṣe jọ ń kó àga, ìyá àgbà ní:

“Ọmọ mi, ta lo rò pé ó ń bọ̀?”

“Màmá, mo kọ̀wé sí gbogbo wọn.”

“Ìwé ti dé, a rí i. Ìwọ gan-an la ò tíì rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Màmá. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé lẹ́yìn iṣẹ́, Ìyá Hūhana níwájú ọkọ̀, àwọn ọmọ Màmá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn. Kí wọ́n tó dárúkọ ilé ìwé, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè ibi tí onílé ti wá àti àwọn tó bí i. Nílé àwọn Māori, Ìyá Hūhana ló ń sọ̀rọ̀. Màmá á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa gbọ́. Kí ọdún tó parí, àga ò tó mọ́.

Ní 1991, àwọn aláṣẹ fẹ́ ti ilé ìwé náà pa. Màmá ti kọ ojú ìwé méjìlá tí wọ́n fẹ́ kà fún àwọn aláṣẹ ní ìpàdé. Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n sì pe ʻOfa Vainikolo, olùkọ́ ọmọ Tonga kan, pé kó sọ̀rọ̀.

“Màmá, ọ̀rọ̀ mi ò lè dùn bíi tiyín.”

“Má wulẹ̀ jẹ́ kó dùn. Sọ ọ́ bó ṣe rí.”

ʻOfa sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ìyá sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá Hūhana dìde, wọ́n fi orin àwọn bàbá ńlá wọn ti àwọn tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Màmá wà, wọ́n ń bu tíì. Ilé ìwé náà kò kú, àmọ́ Ìyá Hūhana ti sùn kí ìwé ìpinnu àwọn aláṣẹ tó dé. Orí ibojì wọn ni Màmá ti lọ kà á.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ní 2006, Màmá tẹ́ ẹní sí gáréèjì. Gbogbo Sátidé ni àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ Māori àti ti erékùṣù wa ń wá kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀gá. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ìyá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á padà lọ bèèrè. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ló ti di ọ̀gá ilé ìwé. Màmá tún darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fún ọdún méjìlélógún.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Màmá dákẹ́ nílé. Ọmọbìnrin wọn ń fi òróró àgbọn pa wọ́n lẹ́sẹ̀, ó rò pé oorun ló gbé wọn lọ.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Sinapati tó ń jẹ́ orúkọ ìyá Màmá, Elisara, Faʻamanu àti Tavita, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti àbúrò méjì ní Safotu.

Ẹ sùn re o, ìyá àwọn olùkọ́. Kí ilẹ̀kùn ṣí fún yín kí ẹ tó kàn án, kí àwọn tó ṣáájú yín sì fi orúkọ pè yín wọlé.