Ife Ọsàn àti Rọ́ọ̀mù tí Bàbá Ń Bèèrè

                                        Ilé Olúbọ̀dé,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
                                        Fìdítì,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Tolú,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ ọ́. Asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ tí mo yá lọ́wọ́ rẹ nígbà ìsìnkú ìyá rẹ ti ya láàárín. Mi ò fẹ́ dá a padà bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Tuntun rèé nínú àpò tí awakọ̀ gbé fún ọ. Mo yẹ ojú rẹ̀ wò nínú oòrùn kí n tó sanwó. Ogójì ọsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe èlé o. Mi ò bó wọn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó wọn títí o fi máa ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀.

Ó yá, ẹ kú àtijọ́. Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé òróró tí mo fi ránṣẹ́ bá a mu? Bàbá Tolú ńkọ́, ṣé iṣu wọn ta dáadáa lọ́dún yìí? Tolú àti ọmọ tuntun ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọmọ náà ti ń rákòrò. Olúwa yóò dá a sí fún wa. Àwa náà wà níbí, bí wíwà bá jẹ́ kí èèyàn jí, kó sì rí nǹkan fi sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣakí kò gbà. Ó tilẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ìyàwó ilé díákónì ń pariwo láàárín ìsọ̀ ọsàn.

Bàbá ọkọ mi ni. O rántí wọn, àwọn ló máa ń fún wa ní ọsàn nígbà tí a bá ń ti ilé ìwé bọ̀, kí n tó mọ̀ pé ọmọ wọn ni mo máa fẹ́. Wọ́n ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni ọ̀fun wọn ti ń kọ oúnjẹ. Iyán ló kọ́kọ́ kọ̀, ó kan ẹ̀kọ, ó kan ògì. Ilé ìwòsàn ní ká máa gbé wọn lọ sílé, pé ọjọ́ orí ni. Nọ́ọ̀sì Hamidah, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ń yà wò wọ́n láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá lè gbé mì ni ká fún wọn, torí bí ọ̀fun bá ti pa dé, oògùn náà ò ní ríbi gbà wọlé.

Ìgbà tí a wá ń bi wọ́n pé kí ni ọkàn wọn ń fẹ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìyàwó, po èyí tí mo máa ń po fún àwọn àlejò.”

Mo ní, “Àlejò wo, Bàbá?”

“Àwọn àlejò òyìnbó. Ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà, rọ́ọ̀mù.”

Ìyá Tolú, rọ́ọ̀mù, ọtí líle òyìnbó! Bàbá tó fi ogójì ọdún jẹ́ díákónì, tó dìde kúrò níbi ìsọmọlórúkọ Dámiláre torí pé ẹnì kan gbé bíà wọlé! Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oko ọsàn, wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta ṣe kúkù nílé ìgbàlejò kan ní Ìbàdàn, pé àwọn ló ń po ọtí àwọn àlejò nírọ̀lẹ́, pé wọ́n sì máa ń tọ́ ìsàlẹ̀ ife wò kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń tì í lójú. Èmi ò ráyè ìtìjú, ẹnu tó ní òun fẹ́ mu nǹkan ni mò ń wò.

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pò ó. Wọ́n ní ká da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi dídì nínú agolo olómorí, ká mì í títí ọwọ́ èèyàn yóò fi tutù bí òkúta inú odò. Mo ní, “Lẹ́yìn náà ńkọ́, Bàbá?” Wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà tì. Ọwọ́ ni wọ́n gbé sókè, ìka wọn ń lọ́ bí ẹni tó ń fún etí aṣọ. Nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ gbígbọ̀n àgbà ni, ká má kà á sí.

Mi ò lè ra rọ́ọ̀mù ní Fìdítì. Mo wọ mọ́tò lọ sí Awẹ́, mo fa gèlè wálẹ̀ dé ojú. Obìnrin tó ń tà á kò tilẹ̀ jẹ́ kí n yanu. “Ìyá Dámiláre ọlọ́sàn, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ìwàásù ti sú yín ni?” Mo ní oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí. Ńlá ni àbí kékeré?” Kékeré ni mo rà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà. Mo fi bébà wé e, mo da tòmátì lé e lórí títí mo fi délé.

Mo mú ọsàn mẹ́fà tó wúwo, mo bó wọn bí mo ṣe ń bó ti ọjà. O mọ ọwọ́ mi. Èèpo tí mo bá bó á tín-ín-rín bí òwú, ọsàn á funfun nini, kò sì ní gbọgbẹ́ níbì kankan. Mo fún omi wọn, mo fi asẹ́ rẹ yọ kóró, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i. Ṣúgà ṣíbí méjì, rọ́ọ̀mù ìdérí ìgò mẹ́ta. Mo mì í títí ìka mi fi kú. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn, kí n má parọ́. Bàbá gbà á ní ṣíbí, wọ́n fi ahọ́n yí i lẹ́nu, wọ́n ní, “Kì í ṣe òun. Òórùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.” Wọ́n pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ kejì mo dín ṣúgà kù. Lọ́jọ́ kẹta mo fi oyin dípò rẹ̀. Mo fi tanjaríìnì sí i, mo fi atalẹ̀ sí i. Mo fi rọ́ọ̀mù kún un, ni wọ́n bá wúkọ́ débi pé ọkọ mi já ife gbà lọ́wọ́ mi.

“Ṣé o fẹ́ fi ọtí pa bàbá mi ni?”

Mo ní, “Ẹ sọ èyí tí kò ní pa wọ́n, tí wọ́n á sì mu.”

Ó dá ife padà sí mi lọ́wọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kọkànlá tí mo sẹ́ ọsàn ni asẹ́ rẹ ya. Ìgò rọ́ọ̀mù ti di méjì, obìnrin Awẹ́ yẹn sì ti ń pè mí ní kọ́sítọ́mà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, torí pé mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀, mo gbé agbọ̀n ọsàn ọjà wọ yàrá wọn, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo ń bó o. Omi èèpo kan ta sí mi lójú. Bí mo ṣe ń fi apá nu ojú ni mo rí i tí ihò imú wọn ń ṣí. Wọ́n lajú. Ọwọ́ wọn tún gbéra, ìka tún ń lọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó, òun rèé.”

Èèpo ni! Èèpo tí mo ti ń gbá dànù láti ọgbọ̀n ọdún, tí ewúrẹ́ kì í jẹ, tí a máa ń sá gbẹ láti fi lé ẹ̀fọn. Mo sunkún. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Mo se èèpo, mo da omi rẹ̀ sínú ife, ó korò ju ewúro lọ. Mo rin ín, ẹ̀rún rẹ̀ há wọn lọ́fun, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo wá fún un sórí ife bí ìka wọn ṣe ń fi hàn mí, ṣùgbọ́n èèpo tí mo mọ̀ ọ́n bó kò nípọn tó ohun tí à ń fún. Jíjá ló ń já. Mo ní kí n bó o nípọn, abẹ mi kó ẹran funfun mọ́ ọn, ó tún korò. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Òórùn náà dúró sí mi lọ́wọ́, kò dé inú ife. Ọwọ́ mi ni Bàbá gbà mú, tí wọ́n gbé sí imú, wọn ò wo ife mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe láti àná ni pé mò ń fi èèpo ra àtẹ́lẹwọ́, mò ń gbé e sí wọn nímú. Bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, ẹnu á là díẹ̀, màá yára fi ṣíbí omi ọsàn kan sí i. Ṣíbí mẹ́ta lánàá. Méjì lónìí. Ìyá Tolú, ìṣirò nìkan ni tíṣà fi ń yìn mí nígbà náà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí ni mi ò fẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn ìsìn lónìí, ọkọ mi bọ́ kóòtù rẹ̀ sórí àga, ó gbé agolo náà fúnra rẹ̀, ó ń mì í. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó mì í títí, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, “Ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n?” Ó ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí. Ogún ọdún ni Bàbá Tolú fi po ọtí fún àlejò ní Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Ṣakí, èmi wá ń dá nìkan rin èèpo ọsàn!

Jọ̀wọ́, bá mi bi wọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe ń gé èèpo tí yóò ṣe é fún, tí kò ní kó ìkorò wá? Ṣé wọ́n á mì í tán kí wọ́n tó fún un ni, àbí ṣáájú? Apá wo ló ń kọjú sí ife? Torí rẹ̀ ni mi ò fi bó ogójì ọsàn yẹn. Kí wọ́n gé e lójú rẹ, kí o sì kọ ọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ. Má fo nǹkan kan nítorí pé ó kéré. Bí ara wọn bá sì gbà á, kí wọ́n bá mọ́tò náà bọ̀ wá. Mo ti san owó ọkọ̀ wọn, àlọ àti àbọ̀, fún Nehemiah awakọ̀, kó má lọ gba òmíràn lọ́wọ́ yín. Mi ò ní kí Bàbá mu ún tán. Ṣíbí kan tí wọ́n á gbé mì, tí wọ́n á ní “òun nìyí”, ó tó mi.

Bá mi kí Tolú, bá mi gbé ọmọ náà jó. Kí àwọn obìnrin ìjọ yín fún mi, ṣùgbọ́n má dárúkọ rọ́ọ̀mù sí wọn létí. Ìdájí ọ̀la ni Nehemiah ń gbéra. Yóò kó iṣu ní Ṣakí, yóò sì padà. Nọ́ọ̀sì Hamidah kò dárúkọ ọ̀sẹ̀ fún wa mọ́, ọjọ́ ló ń dá. Ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, tí mọ́tò bá dúró níwájú ìsọ̀ mi, ibẹ̀ ni màá ti dúró de èsì rẹ. Ọjọ́bọ̀ o, má jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kejì,
                                        Olúyẹ́misí.