Ẹjọ́ Bàálù Ńlá Tó Da Ọbẹ̀ Wa Nù

Dámiláre ọmọ mi,

A ti jàre. Gbogbo àgbà èbúté Àgbádárìgì ló pé jọ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní èmi bàbá rẹ ò jẹ̀bi rárá. Ṣé dáadáa lẹ wà l'Ábújà? Àwa náà wà dáadáa ní Ajárá níbí, ìyá rẹ ń kí yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí apá yín ò ní ká.

Ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ dì fún mi pé kí n gbé fún ìyá rẹ, orí itan mi ló wà nínú bàálù nígbà tí mo ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀. Ọmọbìnrin tó ń pín bisikíìtì ní kí n gbé e sábẹ́ àga, mo gbé e síbẹ̀, bó ṣe yíjú báyìí mo gbé e padà, torí ta ló ń gbé ọbẹ̀ síbi ẹsẹ̀.

A wá fẹ́ balẹ̀ n'Íkẹjà. Òjò ò rọ̀, ìjì ò jà. Ṣàdédé ni bàálù gbé apá ọ̀tún sókè, ó tún gbé ti òsì, ó já wálẹ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn ń ké pe Ọlọ́run. Èmi ò pe ẹnì kankan, ìkòkò ni mo dì mú, àmọ́ ìdérí ti fò, ọbẹ̀ ti dà sára agbádá funfun Àlàájì Jayéọlá, ọkùnrin kan tó ń ta ilẹ̀ l'Ójòó, tó jókòó tì mí.

Dẹ́rẹ́bà sọ nínú ẹ̀rọ pé ká má bínú, bàálù ńlá kan ló wà níwájú wa, afẹ́fẹ́ tó dà rú sẹ́yìn rẹ̀ ló gbá wa. Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta, tí mo wá ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta lórí ọ̀sà, ó yé mi kó tó sọ̀rọ̀ tán. Bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń sáré kọjá nìyẹn, tí ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ á da ẹja inú ọkọ̀ kékeré nù, òfin èbúté wa sì ni pé ẹni tó da ìgbì ló ń san owó ẹja. Àlàájì ní kí n san owó agbádá òun, mo ní kó lọ bá ẹni tó ni bàálù ńlá. Ó bi mí pé ṣé bàálù ńlá ló se ọbẹ̀ ni. Ó gba nọ́ńbà mi, ó sì tọ̀ mí wá sílé.

Mo mú un lọ sí èbúté. Olóyè Ògúnṣẹ̀yẹ, alága àwa ọlọ́kọ̀, gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì, ó ní bàálù ńlá ló jẹ̀bi. Mo ra mínírà fún gbogbo wọn. Wọn ò tíì mu ún tán tí Olóyè fi sọ pé tí ọkọ̀ ńlá bá ti lọ, ẹni tó gbé ẹrù ló máa kọ́kọ́ san, títí yóò fi rí i mú. Mo ní bàálù ò lọ síbì kankan, ó wà n'Íkẹjà. Wọ́n ní kí n lọ mú un wá.

Ìwọ tó wà nítòsí ìjọba, bá mi wá ẹni tó ni ín. Funfun ni, ó ga ju mọ́ṣáláṣí Ajárá lọ. Bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó ra bàálù ò lè ṣaláìní owó agbádá. Tí o ò bá rí i, ìwọ ni kí o fi owó náà ránṣẹ́. Sọ fún Ọláfúnkẹ́ ìyàwó rẹ pé èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ìyá rẹ ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ọlọ́run á sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ á máa wá gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀, ilé rẹ á tù ọ́ lára.

Èmi ni bàbá rẹ, Olúdọ̀tun.

Mo ti fún Àlàájì ní ogún ẹgbẹ̀rún. Ó ku ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà, ó sì ní òun ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó kírun.