Onílé Ni A Ó Kọ́kọ́ Kà

                                        Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba,
                                        Ìkìrun,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        15 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Mofolúwakẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Òkukù? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti lọ? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Mo gbọ́ pé o ti sanra. Inú mi dùn, aṣọ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ni mò ń bẹ̀rù fún. Ara èmi náà le, a dúpẹ́.

O mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé aládàáni kan ní Inísà ti ń dán mi wò. Wọ́n ní bí olùdásílẹ̀ bá wo bí mo ṣe ń kọ́ni tó sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà mí pátápátá. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n wá, ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Wọn kò kọ́ kẹ́místìrì rí, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àràárọ̀ ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ ní àsẹ́ńbìlì pé àlejò la kọ́kọ́ ń tọ́jú, kí onílé tó tọ́jú ara rẹ̀.

Álíkáìnì, ìyẹn ìdílé kẹ́míkà tí ìdè mẹ́ta ti so kábọ́ọ̀nù méjì pọ̀, ni mo ń kọ́ SS2. Mo ra ìkàn lọ́jà, mo fi ṣe kábọ́ọ̀nù, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ibi tí ìdè mẹ́ta wà, ẹyọ mẹ́ta ni mo kì bọ̀ ọ́. Mo fi hàn wọ́n pé kábọ́ọ̀nù márùn-ún àti háídírójìn mẹ́jọ lè so pọ̀ di álíkáìnì ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì di nǹkan ọ̀tọ̀ tó ní orúkọ tirẹ̀. Pẹ́ńtì-1-áìnì ni àkọ́kọ́, pẹ́ńtì-2-áìnì tẹ̀ lé e. Nínú ìkẹta, kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ló tò lọ, ọ̀kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí Dúpẹ́olúwa, ọmọ tó já fáfá jù níbẹ̀, dárúkọ rẹ̀.

Ó ní 2-mẹ́táìlìbútì-3-áìnì ni, ó ka nọ́ńbà àwọn kábọ́ọ̀nù láti ìhà ibi tí ọ̀kan ti yà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń kà láti ìhà yẹn. Ó wo Mọ́mì, ó ní, "Àlejò lèyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, mà. Ọ̀dọ̀ àlejò la ti máa ń bẹ̀rẹ̀." Mọ́mì rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ọmọ gidi ni, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọmọ sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, wo wàhálà. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ yẹn á ṣe kọ ọ́ ní Wáẹ̀kì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Nínú ilé tiwa yìí, ìdè mẹ́ta ni onílé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń kà." Mo wá kọ 3-mẹ́táìlìbútì-1-áìnì sójú pátákó. Mọ́mì dìde, wọ́n jáde.

Lánàá, mo fún àwọn ọmọ náà ní álíkáìnì oní-kábọ́ọ̀nù mẹ́fà pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìdè mẹ́ta ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀, Dúpẹ́olúwa ló kọ́kọ́ parí. Ìgbà tí a jáde ni ọ̀gá àgbà pè mí pé Mọ́mì dúpẹ́, àmọ́ kí n má padà wá lẹ́yìn ìsinmi Kérésì. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ kòrópè títí dé Ìkìrun.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé ìkókó mọ́ra.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ṣé ilé-ìwé yín ṣì ń wá olùkọ́ kẹ́místìrì? Bá mi bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bèèrè ìdí tí mo fi ń kúrò ní Inísà, má bá mi bo nǹkan kan, sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá bí wọn nínú, jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                        Ọdúnayọ̀.